Orúkọ Bàbá ní Ìlà Kẹfà

"Sà, ẹ dákun, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè fi síbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé yìí, ṣé 'èmi kì í ṣe' nìkan lẹ rí?"

Alápatà ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àga onípákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó di ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán mú ní etí méjèèjì bí ẹni pé ó gbóná. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà ṣì mí gbọ́, ọmọbìnrin yìí kò ta ẹran rí. Yàrá àyẹ̀wò ní ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá gé ẹran díẹ̀ lára aláìsàn, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò rì í sínú ìda tó yọ́, yóò jẹ́ kí ìda náà dì, yóò sì fi abẹ ẹ̀rọ bẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí èémí ènìyàn lè gbé e fò lọ, kí ó tó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà nílé ni bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, tó ní, "Alápatà ni mo bí, alápatà tí kì í ta ẹran fẹ́nikẹ́ni!" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dé ẹnu àwọn ọmọdé àdúgbò.

Mo kọ "bàbá rẹ̀". Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni Alápatà fi ń wá ọ̀nà àtilọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i nínú iṣẹ́ yìí ní òkè òkun. Mo rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Mo rí i tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, nítorí pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ èdè wọn lọ́hùn-ún. Ó ṣe ìdánwò èdè náà lẹ́ẹ̀kan, ó ku díẹ̀ kó yege; ó tún un ṣe, ó yege. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé lẹ́yìn odi, lẹ́tà kan, àpótí kan, ó ti tán. Èyí tí mo ń wò yìí, ìwé lórí ìwé ni, fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù. Nígbẹ̀yìn, ilé ẹ̀kọ́ kan fún un láàyè ọdún méjì, ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ṣèlérí pé bó bá parí, àwọn yóò gbà á síṣẹ́.

Ìlà kẹfà nínú fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ bàbá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ orúkọ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì wa, ẹni tó ti ń pè ní Bàbá láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé ìbí tó fi tì í lẹ́yìn kò sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n alágogo yìí ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó kú nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé oṣù mẹ́wàá. Kò pé ọdún tí ìyá ọmọ náà fi kú tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Lẹ́nu tiwa, irọ́ kọ́ ni ọmọ náà pa. Àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ ìwé wò lọ́hùn-ún kò gbọ́ irú èyí rí. Wọ́n kọ̀wé: bàbá méjì ni a rí nínú ìwé rẹ. Jẹ́ kí ọkùnrin tí o kọ orúkọ rẹ̀ búra ní kóòtù pé òun kọ́ ni bàbá rẹ, kí ìwé ìbúra náà sì dé ọ̀dọ̀ wa kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tẹ̀ lé ọ yóò gba ààyè rẹ.

Ọjọ́ kẹwàá náà ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi yìí, ní aago mọ́kànlá àárọ̀.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Kí lo ń wò?" Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nígbà kan, ó sì dùn mí lẹ́yìn tí mo bi í tán.

"Ojú wọn ni mò ń wò, sà. Bí mo bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, màá ní lónìí ni mo máa sọ ọ́. Bàbá á ní, 'Alápatà, o kú àbọ̀, màlúù mélòó la pa lónìí?' Ẹnu mi á kàn dì pa."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé o mọ̀?"

Ó mi orí pé rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà wọlé alágogo, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ "ọmọ ẹ̀gbọ́n" nínú ilé náà. Ìbátan kan ṣèèṣì sọ ọ́ níbi ìkómọ ẹnìkan, alágogo sì dìde láàárín àwọn èèyàn, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Títí di òní olónìí, wọn kò kí ara wọn mọ́. Ìyá, ìyẹn ìyàwó rẹ̀, ló yọ ìwé ìbí náà fún ọmọ láti inú àpótí onírin nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè rẹ̀, tó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má jẹ́ kó rí i lọ́wọ́ rẹ o."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ ìwé ìbúra ní kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ìwé ìbúra kò gba ẹnu dídùn. Mo sọ fún un pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn, àti pé kóòtù ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà mi, mo ní kó jẹ́ kí a lọ.

Ṣọ́ọ̀bù alágogo kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́ta jókòó síbẹ̀ kí orúnkún wọn má kanra. Tábìlì kan wà lábẹ́ iná, ìdérí agolo mélòó kan wà lórí rẹ̀ tó kún fún nọ́ọ̀tì tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, aago bí ogójì sì wà lára ògiri, gbogbo wọn ń dún, kò sí èyí tó ṣìnà. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gba aago lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó sì ń so nọ́ńbà mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ fi awò kékeré há ojú ọ̀tún, ó tẹ orí bọ inú aago ọwọ́ kan.

"Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Aago yín tún ti sáré kọjá yín ni?"

"Aago mi ń ṣe dáadáa. Ọmọ yín ló ní ọ̀rọ̀."

"Alápatà? Kí ló dé tí o ò lọ síbi iṣẹ́? Àbí màlúù ti tán?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na lẹ́tà náà sí i, ìwé ìbí náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò yọ awò lójú. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí èkejì, ó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Kò wo ọmọ náà rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ta ló sọ fún un?"

"Má wò mí o," ni Ìyá wí. "Ọmọ tó ń rí ohun tí ojú kò rí, ṣé ìwé ni kò ní lè kà?"

"Mo ní ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá." Ohùn Alápatà kéré. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ rán mi pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá nínú àpótí, mo sì rí ìwé náà."

Mo rí i pé ọkùnrin náà ń ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún. O mọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, o sì ń pè mí ní Bàbá."

"Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín? Ọ̀gá alágogo?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá kó tó fi ọwọ́ bò ó. Ọkùnrin náà kò rín. Ó yọ awò lójú, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹyin.

"N kò ní búra."

"Bàbá, aago mẹ́rin ni wọ́n dá."

"Kí wọ́n dá aago méjìlá. Akọ̀wé, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, mo jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Àbúrò, má jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ láé pé òun kì í ṣe tìẹ.' Mo ní mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀yin wá fẹ́ kí n lọ dúró níwájú ìjọba, kí n na ọwọ́ sókè, kí n sì sọ ọ́ sétí ọmọ?"

Ó gbé ẹ̀mú rẹ̀, ó tún tẹ orí bọ iṣẹ́. Nọ́ọ̀tì kan bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú náà, ó ta kíní sílẹ̀. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí kí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó tún gbìyànjú láti mú òmíràn, ìyẹn náà jábọ́. Alápatà ti dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀, ó ń wò lábẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ tó fi ìka kan gbé nọ́ọ̀tì méjèèjì dìde, ó sì dà wọ́n padà sínú ìdérí agolo wọn. Àwọn aago lù fún aago méjìlá. Gbogbo wọn ló lù ú.

Ìyá ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Ẹni tó ní kí o má sọ ọ́ kò mọ̀ pé ọmọ yóò ti mọ̀. Ó dára, jókòó. Má lọ. Ọmọ náà á jókòó náà. Á máa lọ síbi iṣẹ́, á máa bọ̀, á máa wò ọ́, ìwọ náà á máa wò ó. Tí aago bá ti di mẹ́rin lójoojúmọ́, ìwọ tí o ní ogójì aago, ṣé o máa dá gbogbo wọn dúró ni?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́. "Níbo ni ìwé tí ẹ kọ yẹn wà?"

Mo gbé e fún un. Ó kà á bó ṣe ń wo inú aago, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gbólóhùn kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe sí ìwé mi ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́.

"'Èmi kì í ṣe bàbá rẹ̀.' N kò ní fi ọwọ́ sí ìyẹn, kódà bí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé. Irọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo bí i. Ìyẹn ni òótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i, èmi ni mo tọ́ ọ. Ṣé ìyẹn kò tó wọn?"

Mo ronú sí i, mo sì rí i pé ó tó wọn. Ojú tì mí pé kì í ṣe èmi ni mo rí i. Mo tún ìwé náà kọ látòkèdélẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, nítorí pé n kì í fi ìwé tí a fa ìlà sí ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà a lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tẹ̀wé nítòsí ọsibítù. Iná lọ. A dúró. Iná dé. Nígbà tí a ó fi wọ ọgbà kóòtù, aago mẹ́ta ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Yàrá tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ mìíràn. Obìnrin kan tó kéré ju Alápatà lọ ló jókòó sórí àga mi, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó gba ìwé náà, ó kà á wàràwàrà, ó gbé òǹtẹ̀ dání. Ìbéèrè kan ló kù, èyí tí a máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ búra nítorí ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi ti bi í ní àìmọye ìgbà, n kò sì rántí láti kìlọ̀ fún wọn.

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí ẹni tí ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ ni mí," ni alágogo wí.

Obìnrin náà gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní bàbá rẹ̀ ni mí. Ṣé etí ń dùn yín ni?"

"Ìwé yìí ní ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i."

"Òótọ́ ló sọ."

"Èwo wá ni òótọ́ nínú ẹ̀?"

"Méjèèjì."

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Bàbá, ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa." Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣingọ́ọ̀mù ti dúró lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò lè lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ẹni tó fẹ́ búra sí i ń fi ẹnu ara ẹ̀ tako. Ẹ lọ jókòó kí ẹ lọ pinnu. Mò ń palẹ̀ mọ́."

Mo sún mọ́ tábìlì, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, sà," ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ó ti ń kó fáìlì rẹ̀ jọ. Alágogo dúró gbọin síwájú tábìlì náà. Mo mọ ohun tó dá a dúró. Kí ó sọ gbólóhùn kan péré ni, ọmọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Nígbà náà ni Alápatà fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí n má gbọ́ ọ lẹ́nu yín, àbí?"

Ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Mo ti jáde."

Ó sì jáde. Ọ̀nà tó kọjá níwájú yàrá náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, ilẹ̀kùn yàrá náà sì ti bàjẹ́, kò ṣeé tì. Ó lọ títí ó fi kan ògiri òdìkejì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí etí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí àwọn dókítà ń dúró de ẹnu rẹ̀, ló dúró bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tí ààrá ń dẹ́rù bà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì wò ó, wọ́n wo alágogo, ẹ̀rín sì pòórá lẹ́nu wọn.

Alágogo wò ó láti ibi tó dúró, bóyá kí ó lè rí i pé etí náà dí dáadáa. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i," ló wí. "Kì í ṣe èmi."

Òǹtẹ̀ lu ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà kò tún bi í léèrè nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un, ó sì ní, "Ẹ má bínú, sà."

Alágogo jáde lọ bá a, ó fi ìka méjì kan èjìká rẹ̀. "Ó ti tán. Sọ ọwọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn ń wò ọ́."

Ojú ọmọ náà pọ́n. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó gbọ́. Èmi náà kò béèrè, n kò sì ní béèrè láé.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni ìwé náà lọ láti orí ẹ̀rọ obìnrin tó ń tẹ̀wé. A rìn padà sílé, alágogo sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi jókòó síbẹ̀, n kò kọ́ wọn bí a ṣe ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè. Mo gbà fún un. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju bó ṣe máa ń sọ lọ. Bí a bá sì ti dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé: ìwé ti pé, ààyè náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, kó máa múra bọ̀. Ìyá ló sáré wá sọ fún mi. Ó ní nígbà tí ọmọ náà ka èsì náà tán fún wọn, ọkọ òun kò ṣe ju kó béèrè pé, "Ọjọ́ wo?" Ọmọ ní oṣù tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Ó dáa," ó sì wọlé lọ. Ìyá kò mọ̀ bóyá ó ń bínú tàbí ó ń sunkún, kò sì fẹ́ wọlé lọ wò. Èmi náà kò rí oorun sùn dáadáa.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ra ìwé ìròyìn mi. Gílóòbù tó wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti jóná. Alágogo ti gun àkàbà dé àtẹ̀gùn kẹta, ó na ọwọ́ sókè, Alápatà wà nísàlẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú.

"Ṣé o dì í mú?"

"Mo dì í mú, Bàbá. Ẹ má wo ilẹ̀."

"Ta ló ń wo ilẹ̀? Gba èyí."

Alápatà na ọwọ́ gba gílóòbù tó jóná náà, ó fi bébà wé e kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ sínú agolo ìdọ̀tí.